Bàtà Dé, Ẹni Tó Ni Ín Kò Dé

Bàtà dúdú méjì wà lórí tábìlì nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ti nù wọ́n mọ́ tónítóní lókè, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ etí òkun kan ṣì há sí abẹ́ ti ọ̀tún. Báàgì aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fóònù ń dún nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó nawọ́ sí i, nítorí gbogbo wa la mọ ẹni tó ń pè. Ọmọ ẹni tó ni báàgì ni. Iwájú wa níbẹ̀ ló dúró sí, tó fi fóònù tirẹ̀ sétí.

"Ọmọ́ṣọlá, pa á," ni mo wí. "Inú báàgì ni fóònù wà. Bàbá rẹ ni kò sí níbẹ̀."

"Àǹtí Ramlat, kí ni kí n ṣe? I can't just stand here!"

"Jókòó nígbà náà."

Kò jókòó. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn.

Kí ẹ tó bi mí, Mùsùlùmí ni mí, mi ò sì ní nǹkan kan ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà lọ́jọ́ Sátidé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Èkó kí n tó bá ọkọ mi wá sí Barking ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí gbogbo ìmọ̀ yẹn ti di kí n máa ṣọ́ àwọn tó ń jí ìpara ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ilé ìtajà Vicarage Field. Èmi àti Ọmọ́ṣọlá la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sáré wá bá mi ní aago márùn-ún ku díẹ̀ pé bàbá òun ti sọnù, ẹsẹ̀ ti ń ro mí láti àárọ̀, mo sì ti bọ́ bàtà. Mo tún un wọ̀. Tí wọ́n bá ti mọ ènìyàn sí ẹni tó ń wá nǹkan rí, kò ní sinmi mọ́ láyé.

Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, àwọn tó ń sọ ọ́ ló sọ ọ́ di líle. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, bọ́ọ̀sì ńlá kan gbé àwọn ọmọ ìjọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ sí ìrìn àjò ìdajì ọjọ́, láti lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ tí wọ́n kọ́ sórí òkè létí òkun, Winchelsea àti Rye. Láti ibẹ̀ wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun, wọ́n wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì darí sílé. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bọ́ọ̀sì dé. Bàbá Akínrẹ̀mí, bàbá Ọmọ́ṣọlá, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, bá wọn lọ. Aago márùn-ún ti kọjá báyìí, Bàbá kò sí nílé, kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, báàgì àti bàtà rẹ̀ nìkan la rí.

Inú báàgì yẹn sì ni abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ wà. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gún un. Lọ́dún tó kọjá ó gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n bá a nílẹ̀ ní kíṣìnnì, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì lò ní ọsibítù. Aago méje ni gbogbo wa ń sá fún.

Gbogbo ọmọ ìjọ ló búra pé Bàbá bá àwọn padà. Nítorí náà, Barking ni àwọn ọlọ́pàá ti ń wá a. Eden, ọlọ́pàá obìnrin tí wọ́n rán wá, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ti ní kí wọ́n wo ibùdókọ̀ ojú irin, ọjà East Street àti etí odò. Ó ní kí n bá òun bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, nítorí bí òun bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, ogún ni wọ́n ń dá òun lóhùn.

Mo ní kò burú. Mi ò mọ ohun tí mò ń gbà.

*

Adétáyọ̀ ni mo kọ́kọ́ bi. Òun ló ṣètò ìrìn àjò náà, òun ló sì gbé máìkì dání láti àárọ̀ tó ń ṣàlàyé ìlú fún wọn. Máìkì náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìgbà wo lo rí Bàbá gbẹ̀yìn?"

"Alhaja, kó lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Winchelsea. Winchelsea yìí, ìsàlẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀. Òkun wá gbé e mì pátápátá. Ni ọba England bá ní kí wọ́n kọ́ òmíràn sórí òkè..."

"Adétáyọ̀."

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀, ma. Òkun fúnra rẹ̀ wá sá padà sẹ́yìn. Today, tí ẹ bá dúró lórí òkè yẹn, you have to look very far before..."

"Ṣé òkun ló sọnù ni, àbí Bàbá Akínrẹ̀mí?"

Ìgbà yẹn ló sọ ọ́ bí ènìyàn gidi. Bàbá wà pẹ̀lú wọn ní Winchelsea. Ó tilẹ̀ béèrè pé bí òkun bá ti lọ, kí ni àwọn ará ìlú tún ń dúró dè lórí òkè, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ní Rye, àwọn òkúta tí wọ́n fi ṣe ojú títì le fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà lókè ibẹ̀, Adétáyọ̀ sì gbé tíì wá fún un láìní ṣúgà. Ó dé etí òkun. Ó gbàdúrà.

"Ó sì wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí à ń bọ̀," ni Adétáyọ̀ fi parí rẹ̀.

"Ṣé o rí i nínú bọ́ọ̀sì?"

"Ha, Alhaja! We were complete."

"Mi ò bèèrè bóyá ẹ pé. Mo ní ṣé o rí i?"

"Iwájú ni mo jókòó sí, mò ń wo ọ̀nà. Màmá Ìbíwùmí ló ní ó pé. Tí Màmá bá ti ní ó pé, ó pé náà nìyẹn."

"Ta ló gbé báàgì àti bàtà yìí sọ̀ kalẹ̀?"

"Èmi ni. Mo bá báàgì lórí ìjókòó rẹ̀, bàtà wà lábẹ́ rẹ̀. I thought Bàbá ti sáré wọlé lọ sí toilet."

"Láìwọ bàtà?"

"Alhaja, a ṣì wà nínú sùtánà. Ìdúpẹ́ la fẹ́ wọlé lọ ṣe tààrà. Nínú ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà sí sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa fi sọ̀ kalẹ̀."

Mo kọ ìyẹn sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo lè gbàgbé, ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọ nǹkan sílẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń dín ọ̀rọ̀ kù.

*

Eden wọlé pẹ̀lú ayọ̀ lójú. Obìnrin kan tó ń ta èso ní East Street rí bàbá àgbàlagbà kan, adúláwọ̀, tó wọ aṣọ funfun gígùn, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ń lọ sí ọ̀nà ibùdókọ̀. Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù kan tilẹ̀ gbé e.

Ọmọ́ṣọlá kígbe ọpẹ́. Adétáyọ̀ ti gbé orin ìyìn, àwọn mélòó kan sì ti ń gbè é.

"Ẹ ṣe sùúrù ná!" ni mo wí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì wí i kí wọ́n tó gbọ́.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ Eden, mo wo àwòrán náà. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ló hàn, fìlà funfun wà lórí rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà wà níbẹ̀, bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti jẹ ní gìgísẹ̀ òsì.

Mo sọ fún Eden ní Gẹ̀ẹ́sì pé kì í ṣe Bàbá Akínrẹ̀mí. Bàtà Bàbá wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, wọn kì í sì í wọ bàtà sí sùtánà. Jàlábíà lèyí. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú.

"Ọkọ mi ni," ni mo dá a lóhùn. "Ibi ìsọmọlórúkọ ló ti ń bọ̀. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó ju bàtà yẹn nù."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń fi àwòrán Ṣùáíbù han àwọn èrò ní ibùdókọ̀, ó ní kí wọ́n padà. Ṣùáíbù fúnra rẹ̀ wà nílé tó ń sùn, oúnjẹ ìsọmọlórúkọ ti kún inú rẹ̀. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi wá ọkọ mi ní ìlú tí ọkọ mi kò ti sọnù. Aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù.

*

Godswill, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà, wà níta tó ń gbálẹ̀ inú mọ́tò rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti ní kó má lọ, inú sì ń bí i. Ìyẹn mú kí ara mi yá sí i díẹ̀. Ó kéré tán, èmi nìkan kọ́ ni inú ń bí.

"Madam, I don tell police," ni ó wí kí n tó yanu. "Me, I no dey count people. Na dem get dia people. Mama say make we dey go, I go."

"Ṣé o rí Bàbá nínú mọ́tò nígbà tí ẹ̀ ń bọ̀?"

"I see am na."

"Kí gan-an lo rí?"

"Im bag. E dey for im seat. And im shoe dey under. I say okay, Baba don enter."

"Bàbá ni mo bèèrè, báàgì àti bàtà lò ń sọ fún mi."

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ara. "Madam, who go carry shoe enter motor make leg no follow am?"

Mo dúró. Ìbéèrè yẹn dára ju gbogbo ìdáhùn tí mo ti gbà láti ìrọ̀lẹ́ lọ. Báàgì kò rú mi lójú, nítorí ènìyàn lè fi báàgì sílẹ̀ lórí ìjókòó kó tó lọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bàtà?

"Níbo ni wọ́n bọ́ bàtà sí létí òkun?"

"For ground. Mama spread mat for door of motor. All of dem drop shoe for there before dem go down to water."

Nígbà náà ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi. Mo padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì.

*

Màmá Ìbíwùmí ni àgbà obìnrin ìjọ náà. Ó jókòó níwájú pẹpẹ, ó di ojú, ètè rẹ̀ sì ń mì. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ka àwọn ènìyàn nígbà tí ẹ fẹ́ kúrò létí òkun."

Ó lajú, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Èmi? Kí n ka ènìyàn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Dáfídì ka Ísírẹ́lì, kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Àjàkálẹ̀ àrùn!"

"Màmá, báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ó pé?"

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọmọ mi, má pariwo nínú ilé Ọlọ́run."

Mi ò tíì pariwo. Ó kù díẹ̀ ni. Mo mí kanlẹ̀, mo tún un béèrè lóhùn kékeré. Ó wá ṣàlàyé pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé ọgbọ́n tòun yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń nàka sí orí ọmọ ènìyàn bí ẹni ń ka iṣu lébè.

"Ẹní ni mo tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà mọ́tò. Gbogbo wọn bọ́ bàtà sí i. Ẹni tó bá ti dé láti ibi àdúrà á mú tirẹ̀ lọ́wọ́, á wọlé. Tí bàtà bá ti tán lórí ẹní, ó pé nìyẹn. Ọdún méjìlá ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò fi ẹnì kankan sílẹ̀ rí."

"Bàtà ta ló gbẹ̀yìn lórí ẹní?"

"Mi ò sí níbẹ̀. Mo ń kó àwọn ìgò omi òkun tí a gbàdúrà sí sínú búùtù mọ́tò. Nígbà tí mo yí padà, ẹní ti ṣófo. Mo ká a nílẹ̀, mo ní kí ọmọ yẹn máa wakọ̀ lọ."

Láti kékeré ni mo ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo mọ ohun tí bàtà ẹnu ọ̀nà lè sọ, mo sì mọ irú irọ́ tó lè pa. Bí bàtà kò bá sí níbẹ̀ mọ́, kì í ṣe pé ẹni tó ni ín ti gbé e. Ẹnì kan ló gbé e, ìyẹn nìkan la mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ṣùáíbù ti wọ bàtà ẹlòmíràn wálé láti ìrun Jímọ́ọ̀.

Mo ní kí Adétáyọ̀ pe gbogbo ọmọ ìjọ tó kù nínú ọgbà wá sínú yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n tó mọ́kànlá. Mo mọ̀ pé mo kà wọ́n, ẹ má sọ fún Màmá.

"Ta ló rí Bàbá Akínrẹ̀mí nínú bọ́ọ̀sì?" ni mo bi wọ́n.

Gbogbo wọn ló nawọ́.

"Ẹ dúró. Kì í ṣe báàgì rẹ̀. Kì í ṣe bàtà rẹ̀. Ojú rẹ̀. Ta ló rí ojú rẹ̀?"

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ní òun gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kúnmi ní ẹ má bínú, òun lòun ń húkọ́. Ọwọ́ tó gbẹ̀yìn wálẹ̀, Ọmọ́ṣọlá sì jókòó nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Ta ló gbé bàtà rẹ̀ kúrò lórí ẹní?"

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa pé ta ló ṣe nǹkan, ẹ ò ní rí ẹnì kan. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá tábìlì. Mo tún wo bàtà yẹn, bó ṣe ń dán. Létí òkun, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn kò ní bẹ̀rẹ̀ máa nu bàtà. Ẹni tó nù ún fẹ́ràn rẹ̀. Mo yí ìbéèrè mi padà.

"Ẹ gbọ́, ẹnì kan ṣe dáadáa níbí. Ó rí bàtà àgbà nílẹ̀, kò jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó tún bá a nù ún. Ta ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni, ma," ni Sísítà Moṣọpẹ́ wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin onísùúrù kan ni, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Rush Green. "Òjò ti ń fọ́n. Mo ní Bàbá ò ní máa bẹ̀rẹ̀ mú bàtà níwájú èmi ọmọ rẹ̀. I used my wet wipes, mo gbé e sábẹ́ ìjókòó rẹ̀."

"O ṣeun. Níbo ni Bàbá wà nígbà yẹn?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

"O rí i tó ń bọ̀?"

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo... gbogbo wa la jọ ń bọ̀, ma. Mo rò pé ó ń bọ̀."

"Nígbà tí o jókòó tán, o wo ẹ̀yìn?"

"Mo sùn, ma. Night shift ni mo ti ń bọ̀." Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Yé! Jésù! Èmi ni mo fi Bàbá sílẹ̀!"

Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá ìbínú náà, mi ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ lọ́wọ́ mi láti ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣe. Ohun tí ìyá tirẹ̀ kọ́ ọ ni Màmá náà ṣe. Ìwà rere méjì pàdé lórí ẹní kan, wọ́n sì fi àgbàlagbà kan sílẹ̀ létí òkun láìwọ bàtà.

*

"Kò sí ní Barking," ni mo sọ fún Eden. "Kò padà wá rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a létí òkun níbi tí wọ́n ti gbàdúrà."

Ó ti gbé fóònù kí n tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ọ̀hún lọ́hùn-ún ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n etí òkun yẹn gùn, ó sì ti lé ní wákàtí márùn-ún tí bọ́ọ̀sì ti kúrò níbẹ̀. Ènìyàn lè rìn jìnnà ní wákàtí márùn-ún, kódà lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Mo yíjú sí Ọmọ́ṣọlá. "Bàbá kò ní fóònù lọ́wọ́. Nọ́ńbà ta ló mọ̀ lórí?"

"Tèmi nìkan. Mo ní kó kọ́ ọ sórí."

"Ǹjẹ́ nọ́ńbà tí o kò mọ̀ pè ọ́ lónìí?"

"Rárá."

Ó yá jù. Mo na ọwọ́ mi sí i. Ó wo ọwọ́ náà títí, kó tó gbé fóònù lé e.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ńbà kan náà pè é: aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, aago kan kọjá ogójì, aago méjì kọjá mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n já a. 01797 ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Adétáyọ̀ yọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde, ó wo nọ́ńbà ilé tíì tó ti ra tíì fún Bàbá ní Rye. 01797 ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ìlú orí òkè wúlò fún mi.

"I thought it was scam," ni Ọmọ́ṣọlá wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ní Bàbá ti dé Barking, mo wá ní kò lè jẹ́ òun. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Àǹtí, ẹ má bínú."

Mo ti fẹ́ la ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lórí. Ojú mi wá bọ́ sí aago kan kọjá ogójì yẹn. Ìgbà tí à ń jẹun ọ̀sán nìyẹn, èmi àti òun, nínú yàrá àwọn òṣìṣẹ́. Fóònù rẹ̀ dún. Ó ní òun kò mọ nọ́ńbà náà. Mo ní, "Já a jàre. Àwọn oníjìbìtì tó ń bèèrè jàǹbá mọ́tò tí kò ṣe ọ́ ni." Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ọlọ́gbọ́n, tó ti ń jágbe mọ́ gbogbo ayé láti ìrọ̀lẹ́. Inú ara mi bí mi dé ibi tí mi ò lè sọ.

Mo tẹ nọ́ńbà náà.

Obìnrin òyìnbó kan ló gbé e. Ilé ọtí ni, kò jìnnà sí etí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá aláṣọ funfun náà wá. Kò gbà láti wọlé. Ó ní òun kò lè gbé aṣọ yẹn wọ ilé ọtí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń ka nọ́ńbà fún obìnrin náà, tí obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò sẹ́ni tó gbé e, wọ́n ní àwọn fẹ́ pe ọlọ́pàá, ó ní rárá, àwọn ènìyàn òun á padà wá síbi tí wọ́n mọ̀ pé òun wà. Ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀ lórí ìdúró, ó dúpẹ́, ó padà sétí òkun. Obìnrin náà rò pé wọ́n ti wá gbé e láti ìgbà yẹn.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ wò. Mo fún un ní nọ́ńbà mi. A dúró. Mi ò mọ iye àdúrà tó gòkè nínú yàrá yẹn, ti Jésù àti ti Ànábì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣàmín sókè. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni fóònù mi dún.

"Ó wà níbí," ni obìnrin náà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Òtútù mú un, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀."

Eden ti ń bá ọkọ̀ ọsibítù sọ̀rọ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Ó na ìka mẹ́wàá sí mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ṣí ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, mo gbé e fún Ọmọ́ṣọlá.

"Ọmọ́ṣọlá?" Ohùn Bàbá ti há, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ forí jì mí, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣé ẹ wà láàyè?"

A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó yé.

"Àwọn yòókù ńkọ́? Adétáyọ̀? Moṣọpẹ́ ńkọ́, ọmọ dáadáa yẹn? Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn àwọn pákó tí wọ́n fi ń dá omi dúró, àdúrà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo dìde tí mi ò rí mọ́tò, mo mọ̀ pé ewu ti wọlé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbàgbé mi. Mo ní bóyá nǹkan ló ṣe ẹnì kan, tí wọ́n fi sáré gbé e lọ. Mo pe ìwọ ọmọ mi, o ò gbé e, mo ní ha, ó ti kan òun náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti wà lórí eékún fún yín. Ta ló kú nínú wọn? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi."

Moṣọpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá Ìbíwùmí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá na fóònù sí mi. Gbogbo wọn ń wò mí, èmi tí mo ti ń sọ fún wọn láti aago márùn-ún pé òtítọ́ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́.

Mo gba fóònù.

"Bàbá, Ramlat ni, ìyàwó Ṣùáíbù. Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n kàn lọ yí mọ́tò padà láti wá gbé yín ni, ó bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn ò tíì sinmi láti ìgbà yẹn. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà àtidé."

Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún, ẹkún ọkùnrin àgbà tí kò ní ariwo.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Ògo ni fún Ọlọ́run. Mo sọ fún obìnrin yìí. Mo ní wọn ò lè gbàgbé mi."

Godswill wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń fẹ́ ká mọ̀ lọ. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde.

"Madam," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "tell am say engine don start."

Mo sọ fún un.